Àlòkù Ni Mo Rà, Bàbá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ra mọ́tò. Kí ẹ tó béèrè, rárá o, kì í ṣe tuntun. Àlòkù ni, àlòkù paraku. Ọ̀kan nínú àwọn tí à ń pè ní ìjàpá ni, aláwọ̀ búlúù, èyí tí tíṣà kan ní Ekosodin wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Aago tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti kà dópin lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí òdo, ó sì tún ti ń kà lọ. Ọmọ-ọmọ yín obìnrin yí i ká, ó ní, "Mummy, dis motor old pass me o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà kó máa kí i kó tó wọ inú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀, tí ẹ máa ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wò lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà pé ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ra àlòkù, wàhálà ẹni ẹlẹ́ni ló fowó rà. Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín pé ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀, ẹ ní kí n ṣe sùúrù, kí n tọ́jú owó títí yóò fi tó tuntun í rà. Mo ṣe sùúrù. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí nígbà yẹn.

Màmá sọ gbogbo bí ó ṣe rí fún mi. Àárọ̀ ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Ẹ fúnra yín wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yín, ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, ẹ gbé fìlà lé orúnkún, ẹ ń retí mọ́tò tí yóò gbé yín lọ sí ọsibítù. Ẹyọ mọ́tò kan tó wà ládùúgbò ti lọ sóko. Oòrùn kan àtàrí, mọ́tò kò dé. Nígbà tó máa fi dé, ẹ ti fi ayé sílẹ̀. Owó tí mo ń tọ́jú de tuntun sì wà ní báńkì lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tí mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Bàbá, inú ń bí mi sí yín. Ó ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, wọ́n ní Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oṣooṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ rí dókítà. Mo ní lójú tèmi kọ́, Màmá kò ní jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ra ìjàpá.

Àbúrò yín, Bàbá Kékeré, wá kí mi nílé mi ní Ogida, ṣùgbọ́n mọ́tò ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Wọ́n ní obìnrin kì í dá wa mọ́tò lọ sílé láti Benin, àgàgà irú ògbólógbòó báyìí. Kí n tà á, kí n máa fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá. Ẹ mọ̀ wọ́n, nítorí pé wọ́n ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún kan, kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ nípa mọ́tò. Wọ́n bu omi kún jọ́ọ̀gì mi, wọ́n ṣí iwájú ìjàpá. Táyà kan àti gààrí tí mo rà ní ọjà Oliha ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Ta ló jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yìn ló wà, Bàbá Kékeré. Kì í sì í mu omi. Atẹ́gùn ló ń lò."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo jọ́ọ̀gì. "Ohun tí kì í mu omi kì í pẹ́ láyé."

Kí n má purọ́ fún yín, ẹnu wọn fẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ìjàpá ń gbóná. Tí mo bá wà á fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná janjan, á sì kú sójú títì. Ọ̀gá Osaro tó ń tún un ṣe mú igi kan, ó fi ti ìdérí ẹ́ńjìnnì kó máa ṣí sílẹ̀. "Madam, leave am open make breeze enter. Na so everybody dey do am." Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe é ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n mo bá ìwé mọ́tò náà lábẹ́ ìjókòó, mo sì kà á tán pátá. Rọ́bà kan wà tó yẹ kó yí ẹ́ńjìnnì ká, tí kò ní jẹ́ kí ooru abẹ́ padà gòkè. Tèmi ti já dànù, ta ló mọ ìgbà tó já. Ooru tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ tú jáde ló tún ń fà símú. Mo wá rọ́bà rà. Ọ̀gá Osaro ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fi í sí i. Mo yọ igi, mo pa ìdérí dé, mo wà á lọ sí Ekosodin lọ́sàn-án gangan, mo sì wà á bọ̀. Kò kú. Ọ̀gá Osaro gbọ́wọ́ lé ìdérí. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń yẹ ọ́ìlì wò, mo sì máa ń rántí yín pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ tí ẹ fi ń ta òróró sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín. Ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ rò pé màá bà á jẹ́ ni? Mo ti pààrọ̀ bíréèkì. Mo ra táyà méjì sí iwájú, mo fi dígí kún apá ọ̀tún, mo sì ní kí wẹ́dà jó irin ìdìmú kan mọ́ iwájú ìjókòó Màmá, nítorí orúnkún wọn. Kò sí ohun tó ń dán nínú gbogbo rẹ̀. Kó ṣáà máa lọ.

Mo wà á wálé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ní Ifọ́n, awakọ̀ akẹ́rù kan yọrí síta, ó ń bú mi pé kí n lọ dáná. Mo fọn fèrè fún un, mo sì yà á sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá di irin náà mú, wọ́n wọ mọ́tò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé wọn. Bàbá Kékeré jáde, wọ́n ti wọ agbádá, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn láìjẹ́ pé a pè wọ́n. Wọ́n ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹ́ńjìnnì.

A dé ọsibítù kí wọ́n tó ṣí géètì. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Màmá bi mí pé kí là ń dúró dè. Mo ní dókítà ni. Wọ́n wo iwájú, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú wọn.

Dókítà ni a dúró dè, Bàbá. A kò dúró de mọ́tò.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì ní bẹ̀bẹ̀ nítorí àlòkù.