Orúkọ Tí Mo Kọ Sétí Ìwé

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Kumasi. Màmá ńkọ́? Àwọn àbúrò mi ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè mi ti bó.

Ẹ béèrè iṣẹ́ mi. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Asafo ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà to ìwé orin ìjọ. A máa ń tẹ àmì sáàárín ọ̀rọ̀ láti fi ibi tí orin tàbí ẹsẹ ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ka àmì wọ̀nyí, tó sì ń tò wọ́n bí ẹ ṣe to ìdílé wa sínú ìwé yín: ìwé bí orin, orin bí ẹsẹ, ẹsẹ bí ìlà. Igi ni à ń pè é.

Èmi àti Àyìnlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí síbí, la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a sì jọ ń gbé yàrá kan ní Santasi. Abọ́ kan náà la ti ń jẹ fùfú. Ó ní, bùrọ̀dá, igi tó há sínú ètò yín, ta ni yóò jẹ èso rẹ̀? Ó bẹ̀ mí kí n kọ ọ́ jáde sínú fáìlì tí ètò míì náà lè kà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe é.

Nínú àwa méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀gá wa fẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àyìnlá gbé atọ́ka orin tí ètò tirẹ̀ fà yọ láti inú igi mi lọ bá a. Ó ní òun nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí fáìlì igi náà, pé orúkọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí i. Kò sí. Mo sáré ṣí ìwé orin gan-an tí mo tẹ àmì sí, orúkọ mi wà lókè. Àyìnlá ní mo lè ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Ó wá fi Twi, èdè wọn níbí, sọ fún ọ̀gá pé ìwé àkàjù ti da orí bùrọ̀dá òun rú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n mú.

Bàbá, èmi ni mo yọ orúkọ ara mi. Inú àkíyèsí, ọ̀rọ̀ etí ìwé tí a kì í tẹ̀ jáde, ni mo kọ ọ́ sí, mo sì ti pàṣẹ fún ètò náà pé àkíyèsí kì í ṣe ara igi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi: orúkọ tí ẹ bá kọ sétí ìwé ìdílé, a kì í kà á níwájú ẹbí. Síbẹ̀, Àyìnlá mọ ẹni tó gbin igi. Ó ṣì ń pè mí wá jẹun. Ọwọ́ mi kò lè wọ abọ́ yẹn mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, ẹ ka àwọn orúkọ tó wà létí ìwé ìdílé náà sókè. Bóyá nínú wọn ni ẹni tó gbin ohun tí à ń jẹ wà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ojú yín má ríbi. Ẹ bá mi kí tilé-toko.

Èmi ni ọmọ yín,
Sámúẹ́lì