Ọwọ́ Tí Mo Mú Kúrò Lára Àkàbà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa. Mo nírètí pé ara yín le koko, bí ara gbogbo wa nílé ṣe le, títí kan apá ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Ìtàn apá náà ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ẹ mọ̀ pé níbi iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn, Bàbá kì í jẹ́ kí n gun àkàbà. Àbúrò wa obìnrin, tí mo fọdún méjì jù, ló ń rán gòkè. Ó ní ẹsẹ̀ ológbò ló ní, ló bá sọ ọ́ ní Ológbò. Èmi ńkọ́? "Ìwọ aláwàdà, di àkàbà mú." Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ta mí lára bí ata.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ń po ọ̀dà lẹ́yìn ilé tí à ń kùn, Ológbò sì wà lókè àkàbà. Ẹ mọ òfin rẹ̀: tó bá ti pè, kéèyàn máa bọ̀ nílẹ̀ kíá, kò sí "kí ló dé". Mo fi ohùn rẹ̀ ké pe, "Ológbò, sọ̀kalẹ̀!" Mo tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi tiẹ̀. Àṣé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ká ẹnu, kí ohùn náà lè dún bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Ta ló wá di àkàbà mú? Àkàbà yọ̀. Igi òrùlé ni Ológbò rọ̀ mọ́, ó ń fì bí aṣọ tí wọ́n sá, kí n tó gbé àkàbà padà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún rọ́.

Bàbá sáré dé. "Ta ló ní kó o sọ̀kalẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, Bàbá."

"Èmi tí mi ò lanu? O ti ń parọ́ báyìí?"

Ó ní Ológbò kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́, èmi ni kí n máa gùn ún. Ohun tí mo ti ń jowú rẹ̀ látọjọ́ yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo panu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti dé igi kẹrin lórí àkàbà nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀. Ológbò ló di àkàbà mú. Wọ́n fi aṣọ gbé apá kan kọ́ ọ lọ́rùn, ó fi ọwọ́ kejì àti èjìká ti igi náà. Eṣinṣin bà lé e nímú, kò lé e. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ dúró níwájú Bàbá, mo sì fi ohùn ara rẹ̀ pe Ológbò gẹ́lẹ́ bí mo ṣe pè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tikọ́tikọ́.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó gòkè fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ìyẹn yé mi. Ìwọ, ẹ̀mí ta lo fi ń ṣeré?"

Ògiri ìsàlẹ̀ ni mò ń họ báyìí. Apá Ológbò ti san, ó ti padà sókè. Ẹ mọ ẹni tó ń di àkàbà mú fún un? Bàbá fúnra rẹ̀, tí kì í dì í mú fún ẹnikẹ́ni. Mi ò kábàámọ̀ pé mo jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: owú náà ò tíì lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yẹ̀ níbi iṣẹ́, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín má sì gbàgbé yín sókè.

Èmi ni àbúrò yín ọkùnrin, tó ń họ ògiri.

Àfikún: Ológbò ní òun náà fẹ́ kọ̀wé sí yín. Tí ẹ bá máa fèsì, ẹ jọ̀ọ́, kí tiẹ̀ má gùn ju tèmi lọ.