Ohun Tí Awọ Ẹsẹ̀ Yín Fi Hàn Wá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti yàrá mi ní Agbowó. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sì bá mi kí Bùọ̀dá Káyọ̀dé, bí wọn ò tilẹ̀ gbé fóònù mi mọ́. Mo jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè ka lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ wa ti di ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri Ìkọ̀lé, pé ọmọ bíríkìlà tó ń ṣe oògùn egbò n'Ìbàdàn ń wòran títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Òjò ti ń rọ̀ níbí láti òwúrọ̀, iná sì ti lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kún ilé yìí ti lọ fún ìsinmi, ó wá ku èmi nìkan. Bí ibí bá dákẹ́ báyìí, àárò yín máa ń sọ mí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, torí mi ò rò pé mo ti sọ ọ́ tó yé Màmá rí. Jẹ́ẹ̀lì kan ni a ń ṣe ní láàbù wa ní yunifásítì, èyí tí wọ́n máa tẹ́ sójú egbò. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó tutù, ó ń dán, ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kì í jẹ́ kí egbò gbẹ, kí ẹran tuntun lè hù. Àmọ́ kò lágbára. Bí aláìsàn bá rìn díẹ̀, á ya. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po fàdákà mọ́ ọn, fàdákà tó kúnná débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì láti ìgbà èwe yín, á yé yín: òkúta yẹn ló ń jẹ́ kí kọnkéré le. Fàdákà yìí náà ń mú kí jẹ́ẹ̀lì le, ó sì tún ń pa kòkòrò tó ń mú kí egbò jẹrà. Lára àwọn eku tí a ń sìn ní láàbù, egbò ń tètè jinná. Ṣùgbọ́n lára eku ni o. A ò tíì fi kan èèyàn kankan.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ sọ ibi tí ìṣó ti gún yín lẹ́sẹ̀ di egbò ńlá, tí Bùọ̀dá gbé yín wá sí ilé ìwòsàn ní Ring Road, Bùọ̀dá pè mí sẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n lọ bù díẹ̀ wá nínú jẹ́ẹ̀lì náà, kí a fi sí i kí dókítà má mọ̀. Mo ní mi ò lè ṣe é, a ò mọ ohun tó máa ṣe lára èèyàn. Wọ́n wá bi mí bóyá eku ti wá ṣe pàtàkì ju bàbá mi lọ. Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn. Bàbá, mo lọ sí láàbù lọ́jọ́ náà. Mo gbé ike jẹ́ẹ̀lì náà dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dá a padà. Kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi dá a padà. Ẹ̀rù ló bà mí.

Àwọn dókítà ṣe tiwọn. Wọ́n fọ egbò, wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti ń kú lọ sókè. Wọ́n ní bí wọn ò bá gé e nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀mí yín lè lọ sí i. Ẹ ò sunkún. Ẹ pè mí mọ́ra, ẹ bi mí pé kí ni wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé ṣe. Mo ní a máa gbé e lọ sin ni. Ẹ wá ní awọ òkè rẹ̀ tí kò tíì bàjẹ́ ńkọ́, ṣé a ò lè dán jẹ́ẹ̀lì yẹn wò lára rẹ̀? Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ ní ẹsẹ̀ yẹn ti gbé yín gun ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkàbà, kó ṣe iṣẹ́ kan sí i kó tó sinmi.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n ní láàbù wa ti gba àṣẹ láti lo irú awọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa yọ̀ǹda ni a ò tíì rí. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé èmi kọ́ ni màá fọwọ́ kàn án. Ẹ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé e fún Sàkírátù tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ṣe Bìsìmíláì kí òun tó ṣí i, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Dùgbẹ̀, mo ń rìn láàárín èrò láìra nǹkan kan.

Awọ tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ọjọ́ náà tó pé, Sàkírátù pè mí sí láàbù, ó ní kí n jókòó. Awọ tó wà lábẹ́ jẹ́ẹ̀lì ti kú, èyí tí a ò fi jẹ́ẹ̀lì sí sì wà láàyè. Fàdákà tí ara eku gbà ti pọ̀ jù fún ara èèyàn. Ká ní mo ti fi sí egbò yín, ìwọ̀nba ẹran tó kù láyìíká rẹ̀ ni ì bá tún pa.

Bàbá, mi ò yọ̀. Ọwọ́ Sàkírátù ni mo dì mú, tí a jókòó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi jàre Bùọ̀dá. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n, tí mo ń rí yín bí ẹ ṣe ń jẹ̀rora lójoojúmọ́, ohun kan náà ni ǹ bá bèèrè.

A ti dín fàdákà náà kù. A fi sórí èyí tó ṣẹ́ kù lára awọ yín, kò kú. Ó ṣì kù púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ó sì lè má dé ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ rẹ̀ fún wa.

Mò ń bọ̀ wálé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ bẹ Bùọ̀dá kí wọ́n má jáde nílé lọ́jọ́ tí mo bá dé. Ẹ sì jẹ́ kí n fọ ojú ibi tí wọ́n gé náà fún yín fúnra mi, omi iyọ̀ lásán tí dókítà ní ká máa lò ni màá fi fọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó fi àlàáfíà sílé wa. Mo kí gbogbo ará ilé àti àwọn aládùúgbò pátá.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́