Fọ́ọ̀mù Tí Ó Béèrè Ìwà Rẹ

Ọmọ mi obìnrin,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Lọ́dún tí o pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nígbà tí o kò lè dìde lórí ẹní fún ọjọ́ mọ́kànlá, èmi bàbá rẹ, tí mo tún jẹ́ ọ̀gá iléèwé rẹ, mo fà ọ́ lápá lọ síwájú gbogbo ọmọ iléèwé níbi tí wọ́n tò sí láàárọ̀, mo nà ọ́ ní ẹgba mẹ́fà, mo sì sọ ọ́ ní Má-jí-mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí o fi jáde iléèwé, orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ nìyẹn. Mo ṣẹ̀ ọ́. N kò ní àwíjàre.

Ó wá yá, báwo ni ara? Ṣé oúnjẹ ti ń wọnú díẹ̀díẹ̀? Ọlọ́run yóò gbé ọ dìde, kò sì ní fi ẹgba gbé ọ. Ìyá rẹ wà níbí, orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ káfíńtà bá wa tún ilẹ̀kùn ṣe, ó wá le débi pé bí a bá ti wọlé, aládùúgbò ló gbọ́dọ̀ ti ìta bá wa tì í ṣí kí a tó lè jáde. Télọ̀ kò tíì dá aṣọ ìyá rẹ padà láti èṣí. Bí a bá débẹ̀, á ní bọ́tìnì ló kù.

Láti ọjọ́ tí obìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ ti gbé ọ dé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo rí i pé ogójì ìbéèrè ni, tí wọ́n ní kí n fi òdo títí dé ẹẹ́ta síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Mo ní kí ìyá rẹ má bá mi sọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa ní a jíwèé wò. Wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kì í gbọ́. Mo kọ ọ́ pé gbogbo wa la ń gbọ́ràn dáadáa, àfi ìyá ìyá rẹ. Wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan máa ń rí ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí. Mo kọ ọ́ pé èmi ni, nítorí ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró síwájú kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni mo fún ọ ní ẹẹ́ta níbi gbogbo, kí o lè yege, mo sì fi bírò pupa ṣàtúnṣe àmì ohùn mẹ́jọ tí wọ́n ṣì.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo dá fọ́ọ̀mù náà padà, nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù. Ó ní, bàbá, pẹ̀lú máàkì tí ẹ fún ọmọ yín yìí, kò yẹ kó tún mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Mo ní ṣé ó yege. Ó ní èyí kì í ṣe ohun tí à ń yege. Mo wá bi í pé, nígbà tí fọ́ọ̀mù wọn ti béèrè ìwà, èló ni oògùn ìwà tí wọ́n ń fún ọ, kí n lè ra díẹ̀ fún télọ̀ wa. Ó ní àwọn kò ní oògùn ìwà, àìsàn ni àwọn ń tọ́jú. Ó ní ìwà ni onílé, ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn a máa wọlé bí àlejò, a gbé aṣọ onílé wọ̀, ará ilé a sì máa fi orúkọ onílé pè é. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè irú ẹni tí o jẹ́ kí àìsàn tó dé, àti ìgbà tó kọ́kọ́ dé. Ó ní wọ́n fún ìwọ náà ní fọ́ọ̀mù, o fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, àfi ibi tí wọ́n kọ Ìwà sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo kọ síbẹ̀: ọ̀lẹ.

Ọmọ mi, mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò rẹ ní sáà mẹ́ta léra wọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, nọ́ọ̀sì ṣì ń pè mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, kò pariwo. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti ń máàkì ọmọ ọlọ́mọ, kò sí ẹni tó máàkì èmi rí. Ó ní òdo.

Mo ti gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Ìlà méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìwà, mo kọ ọ́ títí wọ ẹ̀yìn ìwé: pé o máa ń ṣáájú mi dé iléèwé lọ ṣí fèrèsé, pé o kì í rí ọmọ tó ń sunkún kí o má bá a jókòó, pé o máa ń sín ohùn mi jẹ débi pé ìyá rẹ yóò dáhùn láti ìdáná. Onílé nìyẹn. Ẹni tó sùn lórí ẹní fún ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, àlejò ni, èmi ni mo sì fi orúkọ rẹ pè é.

Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí o bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lè wọlé wá wò ọ́. Orúkọ ìyá rẹ wà níbẹ̀, tèmi kò sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni n ó gbé báàgì ìyá rẹ dé ẹnu géètì, n ó sì jókòó síta. O mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìtọrọ owó. Lọ́tẹ̀ yìí, fi tọ́wọ́ rẹ ra ohun tí ẹnu rẹ bá fẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá lè kọ orúkọ mi lọ́jọ́ kan, n ó dúpẹ́. Bí kò bá lè kọ ọ́, kí ilẹ̀ ṣáà máa mọ́ bá ọ ní àlàáfíà, kí ọkàn rẹ fúyẹ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ má sú àwọn tó ń tọ́jú rẹ.

Ó ku ohun kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo nà ọ́ yẹn, dókítà kan wá yẹ ojú àwọn ọmọ iléèwé wò. Ó bá ọ jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó sì fún mi ní lẹ́tà kan nínú àpòòwé pé kí n mú ọ lọ sílé ìwòsàn. Mo kà á, mo sì fi pamọ́ sáàárín àwọn ìwé ẹ̀rí mi, kí wọ́n má bàa sọ pé ọmọ ọ̀gá iléèwé ya wèrè. Nígbà tí o bi mí ohun tí dókítà sọ, mo ní ojú rẹ dára. Fi lẹ́tà náà han àwọn dókítà rẹ, ọjọ́ tí àìsàn náà kọ́kọ́ dé wà lókè rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Àìsàn ló ń ṣe ọmọ yìí, a sì lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nà án mọ́.”

Orúkọ rẹ ló wà lẹ́yìn àpòòwé náà. Òun nìyí. Gbà á.

Bàbá rẹ