Irun Tí Ń Rìn Nínú Ilé

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025

Ní gbogbo Ìlódè, kò sí ẹni tó mọ ajá òyìnbó tọ́jú bí èmi. Ká má purọ́ fún ìwé: àná ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀kan. Fúnlọ́lá, ìyàwó ọmọ mi, ló gbé e wá láti ilé wọn ní Mayfair, lódìkejì ìlú, torí ó ń rìnrìn àjò iṣẹ́ yunifásítì. Kọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ẹ̀yìn pupa, àyà funfun, ẹsẹ̀ kúkúrú, irun ń wọ́lẹ̀ bí agbádá. Mo sọ ọ́ ní Alága — ó máa ń jókòó bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbé máìkì fún òun.

Fúnlọ́lá ní kí n máa ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́, pàápàá lẹ́yìn etí, níbi tó ti ń ta kókó. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fá a o. Ó lè má hù dáadáa mọ́." Mo ní ṣé kí n kúkú di í ní ṣùkú? Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Irun! Nínú ọbẹ̀. Nínú fìlà. Mo fi òòyà ya á lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi kún. Bí ẹni pé ajá mìíràn wà lábẹ́ èyí. Ti òkè gùn, ti ìsàlẹ̀ rí bí òwú — ti ìsàlẹ̀ yìí ni kò tán.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Ìyá Kọmíṣánnà bínú. Àdùkẹ́ ni o, opó tó háyà yàrá tó kọjú sí tèmi; bó ṣe ń pàṣẹ ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, òun nìkan ló ń bá mi jà nílé yìí. Bí kò bá bú mi láàárọ̀, oúnjẹ kì í dà nínú mi.

Ó rí mi tí mo ń da irun Alága sí àgbàlá. Ó ní a kì í da irun sí atẹ́gùn, sísun ni wọ́n ń sun ún. Bí ẹyẹ bá fi kọ́ ìtẹ́, orí onírun ò ní sinmi. Mo ní orí Alága ò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbídàpọ̀, ẹ̀yin àti ajá yín, orí kan náà lẹ jọ pín."

Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Igbe Àdùkẹ́ ló jí mi. Irun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òwú dúdú ni wọ́n fi so ó. Mo ní bóyá olólùfẹ́ kan ló fi ránṣẹ́. Kò bú mi. Ó ní, "Ajá yín, pupa ni. Èyí funfun. Bí irun ọkọ mi ṣe rí nìyẹn kí wọ́n tó gbé e lọ."

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì

Irun funfun lábẹ́ ìrọ̀rí Àdùkẹ́. Yàrá wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Díẹ̀ ni o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Lọ́sàn-án, Alága dùbúlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn Àdùkẹ́, ó tẹ imú mọ́ àlàfo ìsàlẹ̀, ó ń ju ìrù. Fún ta ni? Àdùkẹ́ wà lọ́jà.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Mo ya ajá yìí títí ọwọ́ fi ro mí, mo sun gbogbo rẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti irun ènìyàn. Kò pẹ́, òmíràn ń yí bọ̀ ní kọ́rídọ̀, rọra, rọra, bí ohun tó mọ ilé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àdùkẹ́. Òun náà rí i. "Ẹ ti rí i báyìí? Òun ni. Inú rẹ̀ ò dùn sí bí mo ṣe ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

Àdùkẹ́ kò jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Oyèbánjí, àbúrò Àdùkẹ́, ti gbé e lọ sí Edunabon. Mo bá wọn gbé ẹrù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àwàdà ló ń jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì

Fúnlọ́lá dé, ó mú Alága lọ. Mo bi í nípa irun. Ẹ̀rín ló fi dáhùn: "Ó ń pààrọ̀ irun ni, Bàbá. Ti àyà ló ń bọ́ jù. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo ti bá a nínú fíríìjì rí."

Ilé dákẹ́.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Mo pe Àdùkẹ́ lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá rọ ohùn, irú ohùn tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí: "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbídàpọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n padà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òkú ṣeré." Ó ní wọ́n ti fá orí òun, òun ti tún wọ dúdú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Èmi ni mo mú irun àyà ajá, tí mo fi òwú dúdú so ó, tí mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó lè bú mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ìyókù, ọyẹ́ ló gbé e wọlé. Ọkọ rẹ̀ kò wá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò gbà mí gbọ́.