Orúkọ tó wà lórí oko Bàbá

Ọkọ mi, mo kí yín o. Máàpù oko tí ẹ ṣe ní Ìbàdàn ti dé Ìgbótakò, ó rẹwà.

Àmọ́ orúkọ Fọláránmi, aládùúgbò wa, ló wà lórí oko ọ̀pẹ Bàbá yín. Àǹtí Tinúọlá, ẹ̀gbọ́n yín, ní, "Ìyàwó etí òkun yìí ti fi oko wa tọrẹ."

Ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí mo ń kọ orúkọ àwọn olóko fún yín, mo fo ilẹ̀ àánú ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí à ń lọ gbàdúrà, torí Ọlọ́run ló ni ín. Láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà mi ò ti bá ti máàpù mu mọ́, tí orúkọ ẹni tó tẹ̀ lé Bàbá fi bọ́ sórí oko Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àwọn orúkọ náà kúrò lára máàpù nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fún ilẹ̀ àánú ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ tún wọn so.

Mo ti kó ẹrù mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí Àǹtí yóò fi rí orúkọ Bàbá lórí máàpù. Atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Ìyá Wòlíì tó gbà mí sílé ní kí n kí yín.

Èmi ìyàwó yín,
Jésùtómi