Ebè Tí Ìjọ Wa Kọ Sí Oko Olóko

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìrè-Èkìtì níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ráfíù àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń lo ìpara tí mo fi rán Kẹ́mi sí yín, àbí ẹ tún ti fún ẹlòmíràn? Olùṣọ́ ìjọ wa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé tí ìjọ ń pín nígbà ìkórè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí mò ń ṣàlàyé ohun tí ẹ ti mọ̀, àwọn tó kù ni mò ń ṣàlàyé fún. Ẹ fara dà á.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ káfíńtà ló gbé ọkọ mi wá síbí. Wọ́n wá kan òrùlé ilé ìwé kan, iṣẹ́ parí, a ò sì padà sí Ṣakí mọ́. Níbí ni mo ti bí Kẹ́mi. Ẹnu mi pàápàá ti yí. Nígbà tí mo wálé gbẹ̀yìn tí mo ní mò ń lọ sí “ulé” bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń pe ilé, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Síbẹ̀, àlejò ni wá. Ilẹ̀ tí a fi ń dáko, ọkọ Ìyá Ìjọ wa tó ti sùn nínú Olúwa ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Nígbà tí ara ọkọ mi, Bàbá Dàpọ̀, le, n kì í rántí pé a ò ní ẹbí nílùú yìí. Àìsàn ló rán mi létí.

Wọ́n ti ṣán igbó tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ti sun ún, kó tó di pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn dákẹ́ lójijì. Láti ìgbà náà ni a ti ń gun ọ̀kadà dé Ọ̀yẹ́, tí a sì ń wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn na apá àti ẹsẹ̀ náà. Mo dúpẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n tilẹ̀ ń bá mi ṣàròyé nípa iyọ̀ ọbẹ̀. Àmọ́ òjò àkọ́rọ̀ ti dé. Ilẹ̀ ti dẹ̀, gbogbo ayé ń kọ ebè. Èbù iṣu tí mo gé ti ń hù nínú agbọ̀n, òmíràn sì ti ń gbẹ. Owó tí ǹ bá fi gba alágbàṣe ti bá oògùn lọ. Àáró ni àwọn àgbẹ̀ ibí fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, kí ìwọ bá mi ṣe lónìí, kí èmi bá ọ ṣe lọ́la. Èmi tí mi ò lè fi ọkọ mi sílẹ̀ lórí ibùsùn, ta ni mo fẹ́ bá ṣe lọ́la?

Ibi tí Dàpọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ nìyẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ yín tó ń tún fíríìjì ṣe ní Èkó. Ó ní kí ni a ń ṣe níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá, ó ní òun máa wá kó wa lọ sọ́dọ̀ òun. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, Màmá. Níbo ni bàbá rẹ̀ máa na ẹsẹ̀ sí? Ohun tó tún ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ó ti pẹ́ tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìgbà ìdáwó nìkan ni ìjọ máa ń rántí orúkọ ènìyàn. Kẹ́mi náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Ìbàdàn, bí kò bá gbé fóònù, gbogbo ohun búburú ni mo máa ń rò. Ó rẹ̀ mí láti máa bá Dàpọ̀ jiyàn. Mo ní bí a ò bá rí ebè kọ sí oko wa kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó wọlé, kó wá kó wa. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni inú mi bàjẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ìjọ wa kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a jà lórí ibi tí a máa kọ́ ilé ìjọsìn tuntun sí. Àwọn kan ní kó wà níbi tí ti àtijọ́ wà, àwọn kan ní kó lọ sí etí títì. Bàbá Fẹ́mi, tí wọ́n jẹ́ akápò wa nígbà náà, ti kó búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún ti etí títì. Nígbà tí ìpàdé ò gba tiwọn, wọ́n gbé típà wá, wọ́n kó búlọ́ọ̀kù wọn, ìdílé bíi mélòó kan sì tẹ̀ lé wọn. Inú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń jọ́sìn. A kì í kí ara wa mọ́. Bí a bá pàdé lọ́nà odò, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ewé.

Ìyá Ìjọ ló kéde lẹ́yìn ìsìn pé kí gbogbo ẹni tó bá ní ọkọ́ gbé e lọ sí oko Bàbá Dàpọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń retí wa ní Ìdó. Mo ṣàpèjúwe oko fún olórí àwọn ọ̀dọ́: kí wọ́n kọjá odò, kí wọ́n wo igi kaṣú ńlá, oko tó wà lẹ́yìn pèrègún ààlà ni tiwa. Mi ò mọ̀ pé iná tí wọ́n fi sun igbó ti jó pèrègún náà. Nígbà tí a dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ wọn hàn wá, ó bó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn fi orin kọ ọ́ tán láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Bàbá Dàpọ̀ sunkún ayọ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé èbù lọ sóko. Oko tó wà lápá ọ̀nà kún fún ebè, ó tò lọ rẹrẹ, ó dùn ún wò. Tiwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúdú bí iná ṣe fi í sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi ọkọ́ kàn án. Oko Bàbá Fẹ́mi tí a jọ pààlà ni wọ́n kọ. Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni ẹkún dé.

A péjọ sílé Ìyá Ìjọ. Inú ń bí àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní bí Bàbá Fẹ́mi ṣe kó búlọ́ọ̀kù wọn lọ, ká lọ kó ebè wa. Ọ̀kan tilẹ̀ ti gbé ọkọ́ dání, ó ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká kí bàbá náà tó rí i. Ìyá Ìjọ ń yọ ẹ̀gúsí lára èèpo, wọn ò gbójú sókè.

“Orin Olúwa lẹ fi kọ ọ́,” ni wọ́n wí. “Orin wo lẹ fẹ́ fi tú u?”

Ọmọkùnrin náà gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oko tiwọn náà ń dúró dè wọ́n, ọjọ́ kan tí wọ́n fún mi ti lọ, mi ò sì lẹ́nu láti bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Dàpọ̀ lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní Ọlọ́run wa pàápàá ò mọ àdírẹ́sì wa. Ó ní ká di ẹrù, òun ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá, ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì yẹn dùn mí ju ẹrù tí ó ní kí n dì lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. A wà lórí ìdúpẹ́ nígbà tí Bàbá Fẹ́mi wọlé, àwọn èèyàn wọn tẹ̀ lé wọn, wọ́n ru iṣu. Wọ́n rìn títí dé iwájú pẹpẹ.

“Ẹ̀yin ará,” ni wọ́n wí, “mo kó búlọ́ọ̀kù lọ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀yin sì wá kọ ebè sóko mi. Fẹ́mi wà lókè òkun, ìbàdí ò jẹ́ kí n tẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló sọ fún yín.” Wọ́n bá dọ̀bálẹ̀, àgbà bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ojú ṣí sí mi. Olùṣọ́ pàápàá ń wò mí. Bí mo bá la ẹnu, mo lè gba ebè mi padà, bàbá yìí á sì dìde nílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Mo gbàdúrà kúkúrú nínú mi pé kí Olúwa gbé mi dìde. Mo dìde, mo dá orin ọpẹ́, wọ́n sì gbè é. Ẹ má yìn mí o. Èbù mi ni mò ń rò títí orin fi parí.

Ìyá Ìjọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n lọ bá Bàbá Fẹ́mi nílé, wọ́n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n ní bàbá náà kàn dé fìlà, wọ́n sì bọ́ síta. Odindi ọ̀sẹ̀ náà a ò gbúròó wọn. A sọ pé ó ti tán nìyẹn, ìjà ti di méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù lóòótọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀kadà já Bàbá Fẹ́mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n jókòó ti Bàbá Dàpọ̀. Wọ́n ní ojú ló tì àwọn, kì í ṣe ìbínú. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń bẹ Ọlọ́run fún ọ̀nà tí àwọn máa gbà padà. Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni Ọlọ́run fi ṣílẹ̀kùn, àwọn ti wọlé, àwọn ò ní jáde. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìjọ tí kò dá ààlà oko mọ̀ ló ń jà lórí ibi tí wọ́n máa kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Sátidé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn èèyàn ìhà méjèèjì tí Bàbá Fẹ́mi ránṣẹ́ pè ti kún oko wa. Bàbá Fẹ́mi jókòó sábẹ́ kaṣú, wọ́n ń pàṣẹ. Dàpọ̀ gbé mọ́tò tó háyà dé, kò bá mi nílé, wọ́n júwe oko fún un. Ó wọ bàtà Èkó wọnú ẹrẹ̀. Àwọn tí kò dá mọ̀ ń pè é lórúkọ, wọ́n ní Dàpọ̀ ọmọ káfíńtà, ẹ kú àbọ̀. Obìnrin kan gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ebè rẹ̀ wọ́, wọ́n bi í bóyá fíríìjì ló ń kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, Màmá. Mo ti pàdánù ẹ̀rín yẹn ọjọ́ ti pẹ́. Mọ́tò tó fẹ́ fi kó wa lọ ló fi lọ gbé bàbá rẹ̀ wá sóko. Ọwọ́ òsì ni bàbá fi ri èbù àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ, Dàpọ̀ dúró sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò wẹ̀yìn, kó má baà sá. Nígbà tó fẹ́ wọ mọ́tò padà, kò bá mi sọ̀rọ̀ ẹrù. Ó kàn ní, “Màmá, ẹ dúró síbí. Mi ò lè rí irú àwọn wọ̀nyí kó jọ fún yín l'Ékòó.” Ó sì lọ láìjẹun, mo sì ń ro ebi tó ń pa á lójú ọ̀nà títí ó fi pè pé òun ti délé.

A ò tíì fẹnu kò lórí ibi tí ilé ìjọsìn máa wà. Ṣùgbọ́n a ń kí ara wa lọ́nà odò, iṣu wa sì ti ń fà lórí ọ̀pá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kí Olúwa fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle jíǹkí yín. Kí ó mú ojú yín rí mi láyọ̀. Ẹ bá mi kí ará àdúgbò tọmọdé tàgbà. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi Ráfíù pé àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ mi ń gbà. Wọ́n ti fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà lánàá.

Èmi ni ọmọ yín tí àyà rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀,
Ìyá Dàpọ̀